Ìrẹsì Ara Ògiri

Ọjọ́ Àìkú kan ni ìyá wa lọ sí Àjàṣẹ́, ó ní ọjọ́ mẹ́rin péré lòun máa lò. Ìyá tó bí i ni ara rẹ̀ ò yá níbẹ̀, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pè é lẹ́ẹ̀mejì. Kó tó lọ, ó se ọbẹ̀ ata sínú ìkòkò ńlá, ó din ẹja sí i, ó ní kí Màmá Àgbà, ìyá bàbá wa, máa gbé e kaná láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kó má baà bàjẹ́. Ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní, "Sìdí, máa mójú tó àbúrò rẹ." Bàṣírá ni àbúrò mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́mọ ọdún mẹ́rin ni, èmi sì ti tó mẹ́sàn-án. Mi ò tilẹ̀ sìn ín dé títì. Kí ló máa mú mi sìn ín? Àjàṣẹ́ wà ní òdìkejì bọ́dà, àmọ́ lójú wa nígbà yẹn, kò jìnnà sí Ìlaro, ìlú wa. Àwọn ará ilé wa a máa lọ síbẹ̀ bí ẹni ń lọ sí ọjà Ìdogò, wọn a ti dé padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá wa sí, ibẹ̀ ló sì ti kó Faransé díẹ̀díẹ̀ tó máa ń dà mọ́ Yorùbá rẹ̀. A ò kà á sí ìlú òkèèrè. Ilé àwọn ìyá wa ni.

Bàbá wa ló ni ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Tí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán ló ti máa tan án, yóò máa bú títí oòrùn á fi yẹ àtàrí. Àwọn obìnrin á tò sídìí rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó, omi funfun á máa ṣàn gba ẹ̀yìn ọgbà lọ, òórùn kíkan rẹ̀ á sì gba gbogbo ilé. Nítorí ẹ̀rọ yìí, igbe la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Títí dòní, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àwọn èèyàn a ní kí n rọra. Ní Ọjọ́rú, tí ìyá wa yẹ kó dé, ẹ̀rọ náà dákẹ́ lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ẹ̀gẹ́ ṣì kún ilẹ̀. Gbogbo wa gbójú sókè. Bàbá dúró lábẹ́ àtíbàbà, ó gbé rédíò kékeré rẹ̀ mọ́ etí, ọwọ́ rẹ̀ kejì nà sí wa pé kí a má sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ti ti bọ́dà," ló sọ níkẹyìn.

"Títí dìgbà wo?" Màmá Àgbà bi í.

"Wọn ò sọ."

"Wọn ò ní pẹ́ ṣí i. Ó lè má ju Jímọ̀ lọ." Màmá Àgbà dìde, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà iwájú, ó wo títì sọ́tùn-ún sósì, ó padà wá jókòó. Kò tíì jókòó dáadáa tó tún fi dìde.

Ọbẹ̀ ìyá wa la fi ń mọ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Lójoojúmọ́ ni Màmá Àgbà ń gbé e kaná, lójoojúmọ́ ló sì ń dín kù, tó ń ki, tó ń dúdú. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ṣì ń dán lójú. Ní ọjọ́ keje, ẹja inú rẹ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́, ata ti lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Màmá Àgbà fi òkèlè ẹ̀bà nu ìdí ìkòkò yíká, ó pín òkèlè náà sí méjì, ó fún èmi àti Bàṣírá. Lẹ́yìn náà ló da omi sí ìkòkò náà. Bí Bàṣírá ṣe rí i pé omi bọ́ sí i, ńṣe ló figbe ta. Ebi ò pa á, oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń jẹun lọ. Màmá Àgbà wò ó, kò bá a wí.

Láti ìgbà náà la ti bọ́ sọ́wọ́ oúnjẹ Màmá Àgbà. Ẹ̀kọ láàárọ̀, gààrí lọ́sàn-án, láfún nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ilá tàbí ẹ̀fọ́ gbúre. Ìrẹsì tán lọ́jà. Mílíìkì tán, ṣúgà dàwátì, àwọn tó sì ní díẹ̀ lábẹ́ ibùsùn ń sè é pẹ̀lú ìlẹ̀kùn títì. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí Ìdíìrókò, lẹ́nu bọ́dà, ní gbogbo Sátidé. Á dé padà pẹ̀lú eruku pupa lójú, á ní àwọn ṣọ́jà ò gbà. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló rí ẹnì kan tó mọ ìyá wa, ẹni náà ní ara rẹ̀ le, ó ní ká má mikàn. Ìyẹn ò tó Bàbá. Á jókòó ti oúnjẹ, á dìde. Á mú àdá pé òun fẹ́ ṣán koríko, á gbàgbé àdá sí etí kànga. Gbogbo ilé náà dà bí ibi tí a ti fẹ́ rìnrìn àjò, tí ẹrù ti wà nílẹ̀, tí ọkọ̀ ò dé.

Nígbà tó pé oṣù mélòó kan, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba inú igbó wọlé láti apá Àgọ́sásà, wọ́n ní kí ló dé tí ìyàwó Gàní, ìyá wa, ò lè gba ibẹ̀? Màmá Àgbà gbé ọ̀rọ̀ yìí wálé. Ẹ̀yìn ilé ni mo wà tí mo ń ṣa ilá nígbà tí mo gbọ́ ọ.

"Àwọn tó fẹ́ wá ń wá," ló ń sọ fún Bàbá. "Ìyàwó rẹ wà láàárín àwọn èèyàn ẹ̀. Ó ń jẹ ìrẹsì. Ó lè ti rí ẹni tó ń bá a jẹ ẹ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni mo sọ tí kò dáa? Àwọn ọmọ rẹ ni mo ń wò. Ẹni tó ń wo ọmọ ló yẹ kó sọ̀rọ̀."

Bàbá dìde. Ó rìn lọ sídìí ẹ̀rọ, ó tan án, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bú láìsí ẹ̀gẹ́ kankan nínú rẹ̀. Mo dúró pẹ̀lú ilá lọ́wọ́. Mo bínú sí Màmá Àgbà gidigidi, mo sì tún ń bínú sí ìyá wa, nítorí mo ti gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ díẹ̀.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí tí mo ti ń ya àwòrán oúnjẹ. Ayétòrò ni mò ń gbé, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń pè mí ní Ìyá Olóúnjẹ, bẹ́ẹ̀ mi ò ta oúnjẹ rí. Mo ti ya ẹ̀kọ tí wọ́n ṣí ewé rẹ̀ dé ìdajì. Mo ti ya gààrí nínú kọ́ọ̀bù bó ṣe ń mu omi tó ń ga sókè, àti ẹ̀bà tí ojú ìka mẹ́ta hàn lára rẹ̀. Níbi ìpàtẹ àwòrán mi kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí pé kí ló dé tí mi ò ya ọba tàbí arẹwà obìnrin, pé ṣé ebi ló ń pa mí ni. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní mo kàn fẹ́ràn oúnjẹ ni. Irọ́ ni mo pa fún un. Iyàn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, iyàn èmi àti Bàṣírá.

Ní ọjọ́ kan, a ń jẹ láfún lọ, Bàṣírá ní, "Ìrẹsì Màmá máa ń ní ẹyin lórí." Mo ní kò ní ẹyin, ẹja ni. Ó ní ẹyin ni. Mo ní ẹja ni, pé ẹ̀gbẹ́ abọ́ ló máa ń wà, orí rẹ̀ á kọjú sí ẹni tó ń jẹun, àlùbọ́sà tí kò jinná tán á wà lórí ìrẹsì, epo á sì ṣe òrùka pupa yí ọbẹ̀ náà ká. Ó ní, "O ò mọ̀ ọ́n mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù, nítorí bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo rí i pé kò dá mi lójú bóyá apá ọ̀tún ni ẹja náà máa ń wà ni tàbí apá òsì. Mo fi láfún sílẹ̀. Mo mú èédú nínú àdìrò, mo lọ sí ògiri ẹ̀yìn ilé tó kọjú sí àtíbàbà, mo ya abọ́ tánganran tí ìyá wa máa ń bu ìrẹsì sí. Mo fẹ́ kó rí i kó gbà. Mo fẹ́ kí èmi náà rí i.

Èédú ò lè ṣe ìrẹsì. Mo bu láfún tó kù nínú abọ́ mi, mo fi omi tẹ̀ ẹ́, mo fi ìka tò ó sára ògiri ní hóróhóró. Mo bu epo pupa fún ọbẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, Bàṣírá dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Ẹja ni lóòótọ́." Mi ò tíì gba ìyìn tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Ní ọjọ́ kejì, ewúrẹ́ méjì ti dúró ti ògiri, wọ́n ti lá gbogbo ìrẹsì náà tán, èèrà sì ti bo ọbẹ̀. Màmá Àgbà lé ewúrẹ́ lọ, ó wá fi igi tó fi lé wọn na èmi náà. "Láfún! Láfún tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin rẹ, tí mo sá, tí mo gún! Ògiri lo fi bọ́!" Ó pàṣẹ kí n fọ ògiri náà. Mo fọ̀ ọ́. Nígbà tí ara mi kò ro mí mọ́, mo tún un yà. Ẹfun ni mo lò fún ìrẹsì lọ́tẹ̀ yìí, mo fi yẹ̀pẹ̀ pupa ṣe ọbẹ̀, mo fi ewé ẹ̀gẹ́ ra ara àlùbọ́sà. Mo wá rí i pé tí mo bá to ìrẹsì ní hóróhóró, kò jọ ìrẹsì. Ó ní láti jẹ́ òkìtì funfun lákọ̀ọ́kọ́, kí hóró mẹ́ta mẹ́rin péré wá yọ jáde létí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Títí dòní, bí mo ṣe ń ya ìrẹsì náà nìyẹn.

Mi ò lè dúró mọ́. Mo ya ẹ̀wà tí ìyá wa máa ń sè ní Sátidé. Mo ya búrẹ́dì gígùn tó máa ń rà bọ̀ láti Àjàṣẹ́. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, mi ò ní bọ́ aṣọ kí n tó dé ìdí ògiri, àfi bíi pé ẹnì kan ń lé mi, pé tí mi ò bá tètè yà á, yóò parẹ́ kúrò lórí mi. Àwọn obìnrin tó ń gbé ẹ̀gẹ́ wá a máa dúró wò ó. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀, ó wo ìrẹsì náà, ó mi kanlẹ̀, ó ní, "Ọmọ yìí, o ò ní ojú àánú." Màmá Àgbà bá mi jà títí, ó sú u. Tó bá ń kọjá lọ síbi kànga, ńṣe ló máa ń gbójú kúrò níbẹ̀.

Ẹnu Bàṣírá ló kó wa sí wàhálà. Ó lọ bá àwọn ọmọ ilé kejì, ó ń yangàn fún wọn pé, "Ní ilé tiwa, ìrẹsì wà. Ó pọ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí i." Ọmọ sọ fún ìyá, ìyá sọ níbi omi ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ náà sì rìn títí ó fi dé etí àwọn aṣọ́bodè tó ń wá ìrẹsì fàyàwọ́ kiri. Ìyá wa wà ní òdìkejì, bàbá wa ń lọ sí Ìdíìrókò ní gbogbo ọ̀sẹ̀: kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ gbọ́? Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkọ̀ wọn dúró níwájú ilé. Àwọn mẹ́rin ló wọlé, ọ̀gá wọn ga, ó sì tínrín. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n da ẹrù yàrá sílẹ̀, wọ́n fi irin gún orí àjà, wọ́n da àpò láfún Màmá Àgbà méjèèjì sórí ilẹ̀ ní àgbàlá, wọ́n ń fi bàtà tú u bóyá nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá ń sọ pé kò sí ìrẹsì kankan níbí, pé ta ló purọ́ mọ́ òun. Ọ̀gá náà ní kó dákẹ́. Ó wá yíjú, ó rí ògiri.

Ó lọ sún mọ́ ọn. Ó wò ó fínnífínní bí ẹni tó ń ka ìwé. Ó fọwọ́ kan orí ẹja náà.

"Ta ló ya èyí?"

Ẹ̀rọ ti dákẹ́, àwọn obìnrin tó wá rin ẹ̀gẹ́ ti sá.

"Ẹni tó ya èyí ń rí ìrẹsì jẹ," ó sọ fún Bàbá. "Kò lè yà á báyìí láti inú orí. Ìwọ á tẹ̀ lé wa. Tó o bá dé ọ̀hún, wàá rántí ibi tó o kó o sí."

Ọ̀kan nínú wọn di Bàbá mú lápá. Mo la ẹnu láti sọ pé èmi ni, pé mo rántí rẹ̀ ni. Ohùn tí mo gbọ́ ni ti Màmá Àgbà, tó ti àárín láfún tó dà sílẹ̀ dìde.

"Èmi ni mo yà á."

Ọ̀gá náà yíjú sí i. "Ẹ̀yin, Màmá?"

"Èmi. Ilé mi ni, ògiri mi ni. Ọmọ mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ìrẹsì tí mo jẹ kẹ́ ẹ tó tilẹ̀kùn mọ́ wa ni mo yà."

Ọ̀gá náà mú èédú tó wà nílẹ̀, ó nà án sí i. "Ẹ yà á kí n rí i."

Màmá Àgbà gba èédú náà. Mi ò rò pé ó di ohun ìkọ̀wé kankan mú rí láyé rẹ̀. Ó dì í mú bí ẹni di omorogùn mú, ó dojú kọ ògiri, ó ya òbírí kan tí ẹnu rẹ̀ ò pàdé. Ó tún ya èyí tó kéré sí àárín rẹ̀. Ó dúró, ó wò ó, ó ya àmì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹsẹ̀ adìyẹ.

"Kí nìyẹn?" ọ̀gá náà bi í.

"Láfún ni. Ilá ni tẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yẹn." Ó yíjú, ó tọ́ka sílẹ̀. "Èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn náà ni. Òun la ń jẹ. Òun la jẹ lánàá, òun la ò bá jẹ lónìí."

Ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, ọ̀dọ́ kan, bú sẹ́rìn-ín, ó sì tètè gbé ẹ̀rín náà mì. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí láfún. Ọ̀gá wo òbírí náà, ó wo ìrẹsì mi, ó wo èmi, mo sì mọ̀ pé ó ti mọ̀. Eruku ẹfun wà lára aṣọ ilé ìwé mi títí dé orúnkún. Ó ju irin ọwọ́ rẹ̀ sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. Wọ́n jáde bí wọ́n ṣe wọlé.

Màmá Àgbà jókòó sílẹ̀ níbi tó wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ gbá láfún jọ, èyí tí kò kan yẹ̀pẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tó ti bàjẹ́ lọ́tọ̀. Èmi àti Bàbá bá a gbá a. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán. Màmá Àgbà wá sọ, láìgbójú sókè, pé, "Gàní, lọ mú ìyàwó rẹ wá."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní..."

"Mo mọ ohun tí mo ní. Lọ mú un wá."

Bàbá gba ọ̀nà Àgọ́sásà lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń dáko níbẹ̀ yóò fi ọ̀nà igbó han òun. Ọjọ́ mẹ́fà ni ẹ̀rọ fi dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn burú ju ariwo lọ. Mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Màmá Àgbà láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé kànga. Mi ò ya nǹkan kan. Mo ń bu omi sínú àmù tó ti kún. Bàṣírá ń bi mí bóyá Bàbá náà ti lọ bẹ́ẹ̀ yẹn, mo ní kó dẹ́kun ìbéèrè, ó tún bi mí.

Ọ̀sán ọjọ́ keje ni wọ́n dé, nígbà tí ìyá wa ti fi ilé sílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan. Bàbá ló ṣíwájú, ẹ̀gún ti ya aṣọ rẹ̀. Ìyá wa wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó sì pọn ọmọ. Ẹnu wa ya. Ó ti lóyún nígbà tó lọ, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀. Ìyá rẹ̀ kú sí i lọ́wọ́, oyún náà ń dà á láàmú, kò lè rin igbó pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó sì bímọ tán, ó ránṣẹ́ sí wa lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kankan nínú iṣẹ́ náà ò dé ọ̀dọ̀ wa. Màmá Àgbà tú ọmọ náà kúrò lẹ́yìn ìyá wa, ó gbé e dání, ó wo ojú rẹ̀, ó yí orí rẹ̀ sápá kan, ó fi ìka fa etí rẹ̀. "Etí Gàní rèé," ló sọ. Ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, ó yíjú sí ìyá wa. "Ìyàwó mi, káàbọ̀. Jókòó kó o jẹun."

Ìyá wa jókòó sórí ẹní lábẹ́ àtíbàbà. Bàṣírá kúnlẹ̀ lókèèrè, ó ní, "Ẹ káàsán, mà," bí ẹni ń kí àlejò, ó sì lọ fara pa mọ́ sẹ́yìn òpó. Ìyá wa pè é, kò wá. Mo rí i bí ojú ìyá wa ṣe yí padà, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ti gbé láfún síwájú rẹ̀. Mi ò rí ìyá wa kó jẹun bẹ́ẹ̀ rí. Nílé wa, òun ló máa ń bù ú fún gbogbo èèyàn, ìdí ìkòkò ló sì máa ń jẹ tirẹ̀, lórí ìdúró. Ní ọjọ́ yẹn, ó fi gbogbo ọwọ́ jẹ ẹ́, ó ń gbé òkèlè ńlá mì, ilá ń fà láti ẹnu rẹ̀ dé abọ́, kò sì nu ún. Ó jẹ ẹ́ tán. Màmá Àgbà gbé abọ́ tirẹ̀ tí kò tíì fọwọ́ kàn, ó yí i sínú abọ́ ìyá wa. Ìyá wa jẹ ìyẹn náà. Ìyẹn ni mo ti ń gbìyànjú láti yà láti ọjọ́ yìí wá, mi ò sì tíì yà á kó rí bẹ́ẹ̀.

Kò dìde fọwọ́. Oorun gbé e lọ bó ṣe jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti òpó, ọwọ́ rẹ̀ tí ilá ti ń gbẹ sí wà lórí itan. Ọmọ ń sùn lọ́wọ́ Màmá Àgbà. Nígbà náà ni Bàṣírá jáde láti ẹ̀yìn òpó. Ó rìn yípo ìyá wa lẹ́ẹ̀kan, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa nítorí pé ojú náà ò lè wò ó padà. Ó wá sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Màmá Àgbà, ṣé òun ni?"

"Òun ni."

Ó lọ bu omi sínú abọ́, ó gbé e wá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, omi ń ta sí i lẹ́sẹ̀. Ó jókòó ti ìyá wa, ó gbé ọwọ́ náà sínú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ ní ìka kọ̀ọ̀kan. Ìyá wa ò jí. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún mọ́ tán, Bàṣírá gbé e lé itan padà jẹ́jẹ́, ó sì gbé ọwọ́ òsì, tí kò kan oúnjẹ rárá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìyẹn náà.